Mi Ò Mọ Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ̀ fún Ìyá Ọkọ

Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ará, nítorí inú ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè bínú sí. Ọmọ mi wà ní Bantama, èmi wà ní Sóńgò, àdúgbò àwa Mùsùlùmí àlejò. Kùmásì kan náà ni àwa méjèèjì wà, ọkọ̀ trotro kan ṣoṣo ló ń gbé mi débẹ̀, síbẹ̀ bí mo bá fẹ́ fojú kan ọmọ tí mo fi inú ara mi bí, àfi kí n kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kò kú, kò sọnù, ẹnikẹ́ni kò sì jí i gbé. Wọ́n ní èmi ni mo fi ẹnu ara mi yọ̀ǹda rẹ̀. Èmi! Èmi tí mi ò gbà nígbà náà, tí mi ò sì tíì gbà títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí!

Aṣọ ìkélé ni mo ń tà ní Adum. Ẹ wá wò mí níbẹ̀ kí ẹ rí obìnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀. Bí oníbàárà bá ná ọjà mi ní ìnákúnàá, "Daabi" ni màá fi dá a lóhùn, torí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Kùmásì ṣe ń sọ pé rárá. Bó bá jẹ́ Hausa, màá ní, "A'a." Bó bá jẹ́ ará ilé wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, màá ní, "Kò gbà, ẹ̀gbọ́n," màá sì máa ká aṣọ mi lọ. Kò sẹ́ni tó ń bínú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti délé tí mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ti pòórá lẹ́nu mi nìyẹn. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ní Sóńgò ni. Bí ẹni tó jù ọ́ lọ bá béèrè ohun tí o kò lè ṣe, wàá kúnlẹ̀, wàá dúpẹ́, wàá wá ní, "Ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná, inṣá Allahu." Ẹni náà á mọ̀ pé o ti kọ̀. Á yí ọ̀rọ̀ sí nǹkan mìíràn, ojú ò sì ní ti ẹnikẹ́ni.

Hàjíà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ìyá ọkọ ni a sì ń ka irú wọn sí. Ọkọ tirẹ̀ ti kú, Ọlọ́run kò fún un lọ́mọ, ilé rẹ̀ ní Bantama sì tóbi. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé èèyàn burúkú ni o. Àtìgbà tí Sàfúrá ọmọ mi ti ń rá ló ti fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀ tó kọjá yìí ni ó wá jókòó sórí ẹní mi, ó ní, "Ìyàwó mi, ilé yẹn ti dá jù fún mi. Fún mi ní Sàfúrá kí n máa tọ́ ọ. Mɛhwɛ no yie, màá tọ́jú ẹ̀ dáadáa." Ọmọ ọdún méje, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo ní! Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣeun, Hàjíà. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná, inṣá Allahu." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fa aṣọ tuntun àti bàtà fún Sàfúrá yọ nínú báàgì, ó kó wọn kalẹ̀ síwájú mi.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní tiwa, ìwọ̀sí ni kí ìyàwó ilé dá ẹ̀bùn ìyá ọkọ padà. Ẹ̀bùn tí wọ́n sì gbé tẹ̀lé ẹ̀bẹ̀, tó bá sùn lọ́dọ̀ rẹ, wọ́n á ní o ti gbà. Kí ni kí n ṣe? Mo bẹ ọkọ mi pé kó bá mi gbé e padà, òun tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ta ló máa kọ̀ fún Hàjíà? O ti ní ká máa wò ó ná, ó ti yé e." Ó sì yíjú padà síbi bọ́ọ̀lù tó ń wò.

Ó yé e lóòótọ́! Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ mú ọmọ mi níléèwé, olùkọ́ ní Hàjíà ti wá mú un. Mo sáré dé Bantama. Sàfúrá ń jẹ ìrẹsì, bẹ́ẹ̀dì tuntun ti wà ní yàrá. Hàjíà ní, "Ara rẹ ò balẹ̀ ni? Ṣebí o ti gbà."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Àlùfáà, tó jẹ́ àgbà ìdílé ọkọ mi. Ó bi mí pé ṣé mo sọ pé mi ò fẹ́. Mo ní mo sọ pé ká máa wò ó ná. Ó bi mí pé ṣé mo dá aṣọ padà. Mo ní ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Ìyẹn ni pé o gbà." Ẹ̀yin èèyàn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ figbe ta! Àlùfáà yìí kan náà, bí èèyàn bá wá yá ìkòkò ńlá ilé rẹ̀, kì í sọ ju "ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná" lọ, ẹni náà kò sì ní padà wá mọ́. Hàjíà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí àbúrò mi ń wá ibi tó máa dé sí, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún un ní yàrá kan. Ó ní ká máa wò ó ná. Ṣé mo gbé ẹrù àbúrò mi lọ já sí Bantama? Ó yé mi pé ó kọ̀, mo sì dákẹ́. Kí ló wá dé tí èdè tí gbogbo wa jọ ń sọ kò fi yé ẹnikẹ́ni mọ́ nígbà tó di ọ̀rọ̀ ọmọ mi?

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo múra lọ sí Bantama, mo ní lónìí ni màá sọ ọ́ gbangba. Hàjíà wojú mi, ó ní, "Ìyàwó mi, bí o kò bá fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi, sọ ọ́. Mi ò ní bínú." Omi sì ti lé ròrò sí i lójú. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wò mí. Mo la ẹnu. Ẹ gbọ́ ohun tó jáde: "Ẹ ṣeun, Hàjíà. Ọlọ́run á fún yín lẹ́mìí gígùn." Mo fẹ́ gbá ara mi létí!

Sàfúrá sìn mí dé ẹnu géètì. Ó di ìbòrí mi mú, ó ní, "Màámi, ṣé ẹ ò fẹ́ mi mọ́ ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbá a mọ́ra, mo ní, "Rárá o! Rárá, ọmọ mi, mo fẹ́ ọ." Ẹ ò rí i? Látìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn nìkan ni "rárá" jáde lẹ́nu mi. Etí ọmọ ni mo sì sọ ọ́ sí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí Hàjíà má bàa gbọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé ni Hàjíà ń bọ̀ wá kó ìyókù aṣọ Sàfúrá. Mo ti tì wọ́n sínú àpótí, kọ́kọ́rọ́ wà ní ìdí ìró mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ̀ fún ìyá ọkọ yín rí, tí ẹ ṣì wà nílé ọkọ, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ? Ẹ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ náà gan-an, bí ẹ ṣe pè é, kí ó tó kan ilẹ̀kùn.