Omi Tí Mo Fi Wẹ Ẹsẹ̀ Ẹṣin Olóyè

Gbogbo ará ilé, ẹ jókòó. Ìwọ Ọ̀ṣunlọlá, ìyàwó ilé wa, sún mọ́ mi, nítorí tìrẹ ni mo ṣe ní kí wọ́n pè yín jọ. Èmi Àkíbù kò rò pé n ó rí Jímọ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò sì gbọdọ̀ bá mi wọ sàréè. Ogún ọdún ni irọ́ mi fi rìn kí òtítọ́ tó bá a. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo ń tọ́jú ẹṣin Olóyè Ọlábọ̀wálé ní Bẹẹrẹ níbí, nígbà tí àwọn Òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Agodi tí àwọn ìjòyè ń gẹṣin lọ bá wọn ṣèpàdé. Ọ̀ṣuntúndé, bàbá Ọ̀ṣunlọlá, ló ń bẹ́ koríko fún ẹṣin náà. Ẹṣin pupa ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun báláú, ìgbéraga mi sì nìyẹn. Láràárọ̀ ni mo ń fi ọṣẹ àti kànrìnkàn bó o. Kò ní tíì gbẹ tí màá fi so ó mọ́lẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. Gbogbo Ọjà'ba ló ń yìn mí. Òmùgọ̀ ni mí!

Bí òjò bá ti dé, ọrùn ẹsẹ̀ ẹṣin á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Á máa fi eyín họ ọ́, á sú, á di èépá, èépá á là, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde. A óò fi òrí pa á, á san, lọ́sẹ̀ kejì á tún padà. Lọ́dún kẹta, ẹṣin tiro níwájú Òyìnbó, ojú ti Olóyè. Bó ṣe délé ló ní, "Àkíbù, ta ló ń ṣe ẹṣin mi?" Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ẹ bi Ọ̀ṣuntúndé léèrè, Baba. Koríko tó ń bẹ́ wá ló ń yún un."

Wọ́n lé e kúrò nídìí ẹṣin. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni ibà dá mi gúnlẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, kò sì sẹ́ni tó wẹ ẹsẹ̀ ẹṣin. Nígbà tí mo máa jáde, ẹsẹ̀ ti gbẹ, irun titun ti ń hù. Ará ilé ní, "Ẹ ò rí i? Ọ̀ṣuntúndé lọ, ẹsẹ̀ san." Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé omi mi ni. Mo gbé e mì, n kò sì fi omi kan ẹsẹ̀ ẹṣin mọ́.

Ọ̀ṣuntúndé wá dọ̀bálẹ̀. "Baba, ẹ jẹ́ n bẹ́ koríko fún oṣù kan péré. Bí ẹsẹ̀ bá tún bàjẹ́, n ó fi ilé yìí sílẹ̀." Olóyè gbà. Ó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹsẹ̀ ẹṣin ń dán. Oorun dá lójú mi. Bí kò bá bàjẹ́, wọn á béèrè ohun tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo ṣe nìyí, kí Ọlọ́hun má bínú: mo ń rẹ ẹsẹ̀ náà lómi láràárọ̀, mo ń bó o títí ara fi pọ́n, mo sì ń so ó mọ́ ibi tí ẹrọ̀fọ̀ ti pọ̀ jù. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe!

Oṣù pé, ẹsẹ̀ ti di egbò. Ọ̀ṣuntúndé wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ máa ń wà nídìí rẹ̀. Ẹ bá mi sọ ohun tí ẹ rí." Mo ní, "N kò rí nǹkan kan." Ọjọ́ náà ló kó ẹrù lọ sóko lọ́nà Ìjàyè, ìyá rẹ pọ̀n ọ́ tẹ̀ lé e, Ọ̀ṣunlọlá. Abẹṣinjẹ́, ẹni tó ba ẹṣin jẹ́, ni gbogbo ìlú ń pè é láti ìgbà náà. Lánàá, mo gbọ́ tí Kúlúsúmù, ọmọ bíbí inú mi, ń fi orúkọ yẹn bú ọ nídìí kànga. Ìgbà yẹn ni ara mi ò gbà á mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àṣìṣe mi kọ́ ló lé Ọ̀ṣuntúndé nílùú, ẹ̀rù pé wọ́n á mọ̀ ọ́n ni. Àwọn àáfà ní bí ẹni tí a ṣẹ̀ ò bá yọ̀ǹda, Ọlọ́hun ò ní dárí jini. Mo rán ọkọ rẹ sí bàbá rẹ láàárọ̀ yìí. Bàbá rẹ ní òun ò wá. Ó ní, "Kí Àkíbù sọ ọ́ lójú gbogbo ilé, kí ọmọ rẹ̀ gbọ́. Ohun tí Ọ̀ṣunlọlá bá wí ni mo wí."

Mo ti sọ ọ́. Kúlúsúmù, dákẹ́ ẹkún. Ọ̀ṣunlọlá, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Kí lo wí?