Òdo Mẹ́fà Tí Mo Gbé Pamọ́

Aka-ẹyẹ ni ẹni tí ń lọ sí ibì kan náà lóṣooṣù, ní àkókò kan náà, tí ń ka iye ẹyẹ tó bá bá níbẹ̀, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ohun tí mo ṣe fún ọdún mẹ́tàlélógún nìyẹn, tí mo ń fi sílẹ̀ lónìí.

Togbi Agorkpa, ọba wa, alága ìjókòó yìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ yí wọn ká, mo kí yín. Ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa iyọ̀, ẹ̀yin olóko àlùbọ́sà, ẹ̀yin àlejò wa láti Accra, mo kí yín. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹ rò pé orí mi ti yí. Tíṣà kan jókòó sórí àpótí nínú ẹrẹ̀ ọ̀sà Keta, ó so awò awọ̀nàjíjìn mọ́rùn, ó ń dá sọ̀rọ̀: "Mọ́kànlélógún, méjìlélógún." Ta ni kò ní sá? Ṣùgbọ́n ẹ fara dà mí. Edinam, nọ́ọ̀sì wa tó ń gba ipò mi, ojú rẹ̀ mú ju awò mi lọ. Lọ́jọ́ kan, mo ka mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ó ka ọgọ́rin. A jiyàn títí ọ̀fun wa fi gbẹ. Àṣé ẹyẹ kan fara pamọ́ sẹ́yìn èyí tó sanra.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ jẹ́ kí n ru tèmi lójú yín.

Ẹrẹ̀ ìhà ìwọ̀-oòrùn, èmi nìkan ló ń ka ẹyẹ ibẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, mo ń ti ibẹ̀ bọ̀ lọ́jọ́ tí ẹyẹ kankan kò bà. Daavi Akpene tí ń ta abolo, oúnjẹ àgbàdo wa, ní èbúté pè mí:

"Tíṣà, mélòó lẹ kà?"

"Òdo ni, Daavi."

"Yéè! Ẹ jókòó sóòrùn láti àárọ̀, òdo lẹ kà? Èmi náà ka òdo láàárọ̀ yìí, orí ẹní ni mo wà tí mo ti kà á!"

Gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Mo ká ìwé tí mo kọ òdo náà sí, mo fi í sápò. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti kọ òdo, àpò ni mo ń fi í sí. Daavi, ẹ yé rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn! N ò dá yín lẹ́bi. Ẹnu yín dùn ju abolo yín lọ.

Ẹ wo ohun tí ìtìjú mi dá sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni mo jáde lọ́dún yẹn. Lẹ́ẹ̀mẹfà, igba ẹyẹ ni mo bá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́ẹ̀mẹfà yòókù, n ò rí ìyẹ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣírò ẹyẹ ní Accra. Wọ́n rò ó pọ̀, wọ́n pín in sí mẹ́fà, ó jẹ́ igba. Ká ní méjìlá ni mo fi ránṣẹ́, ọgọ́rùn-ún ni wọn ì bá rí, wọn ì bá sì figbe ta pé ẹyẹ ti dín kù. Ìwé tí kò dé ń sọ pé, "A ò lọ." Òdo ń sọ pé, "A lọ, a wò, wọn ò sí." Ẹni tí kò ṣí ìkòkò wò àti ẹni tó ṣí i tó bá a lófìfo, ṣé ìròyìn kan náà ni wọ́n máa mú wá fún ẹni tébi ń pa?

Nítorí igba yẹn ni lẹ́tà ṣe ti Accra dé bá Togbi pé ẹyẹ wa pọ̀, kò séwu, kí wọ́n fọwọ́ sí i kí katakata wá gbẹ́ ẹrẹ̀ náà fún kòtò iyọ̀ ńlá. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni Togbi fẹ́ fọwọ́ sí i. Togbi, mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ sí i. Bí ẹrẹ̀ yẹn bá lọ, ìwọ̀nba ẹyẹ tó kù ò ní padà wá mọ́.

Togbi ní ẹ̀rí mi dà? Ìbéèrè gidi ni. Ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Akofa ìyàwó mi ti fọ̀ wọ́n mọ́ ṣòkòtò. Kàlẹ́ńdà ara ògiri wa ló kù. Gbogbo ọjọ́ tí mo bá sá fún bíbomi rin àlùbọ́sà lọ ka ẹyẹ, Akofa á fi bírò pupa fa àgbélébùú sí i, kó lè rí ohun bá mi jà. Méjìlá ni àgbélébùú, mẹ́fà ni ìwé tó wà ní Accra. Mẹ́fà tó kù, òdo ni.

Akofa, kí lò ń fà yọ nínú báàgì yẹn? Kàlẹ́ńdà! O gbé e wá síbí?

"Bàbá Yayra, mo fẹ́ kí Togbi rí irú ọkọ tí mo fẹ́ ni."

Ẹ gbọ́ o! Ó wá fẹjọ́ mi sùn níbi ìdágbére mi! Togbi ti gbà á, wọ́n ń fi ìka ka àgbélébùú. Wọ́n ní méjìlá pé. Wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan títí a ó fi ka ọdún kan sí i, lójú ẹlẹ́rìí. Togbi, mo bọ́ bàtà, mo tẹrí ba.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sà wa kò ní gbẹ. Àwọ̀n yín kò ní gòkè lófo. Ẹni tó rìn jìnnà nínú àwọn ọmọ wa yóò rí ibi bà sí, yóò sì padà wálé. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé tọkàntọkàn.

Edinam, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa bá a lọ: lọ́jọ́ Sátidé, ẹ dé ìhà ìwọ̀-oòrùn láago mẹ́fà àárọ̀. Ẹ jókòó fún wákàtí méjì gbáko. Bí ẹyẹ kankan ò bá bà, ẹ kọ déètì, ẹ kọ aago, ẹ kọ òdo gàdàgbà, kí ẹni méjì sì fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó dìde níbẹ̀.