Ohùn Mi Ló Wà Nínú Orin Mísáìlì Náà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí tí ẹnu mi ṣì ń sọ̀rọ̀, nítorí àìsàn yìí kò ní í jẹ́ kí n pẹ́. Èmi Àlàájà Latifa, olórin wákà àwọn Yorùbá Jẹ́dà, tí mo fi orin jẹun, tí mo fi orin sọ ọmọ yín lórúkọ, èmi náà ni mo fi orin ran ọmọlọ́mọ lọ sẹ́wọ̀n. Rasheedat kò ṣe nǹkan kan.

Ìgbà tí mísáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ wa ni. Orílẹ̀-èdè kan nítòsí wa ló ń rọ ọ́. Salem ọkọ ọmọ mi, tó ń wa tírélà ní èbúté, ló là mí lọ́yẹ̀: "Màmá, tẹ́lẹ̀, ẹnubodè ni tiwọn ń mọ. Wọ́n ń sọ ọ́ di alọ-jìnnà ni. Àwọn tiwa náà wá ra èyí tí yóò máa pàdé rẹ̀ lókè. Bí wọ́n bá rọ ọ̀kan, àwọn tiwa á wá méjì. Kò lópin." Mo ní kó jẹ́ kí n mu kọfí mi. Ayé dùn mọ́ mi nígbà yẹn, ẹ bá mi kẹ́dùn ìwà òmùgọ̀ mi.

Rasheedat wá ṣe úmúrà, kò padà sílé. Kò ní ìkámà, ìwé ìgbélùú. Ó ń rán àbáyà ní Al-Mahjar, àdúgbò wa, òun ló sì máa ń gbè orin mi. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, a ń ká aṣọ lórí òrùlé mi nígbà tí iná ta lókè. Dípò kí n sá, mo yọ fóònù, mo fi ń ká a sílẹ̀, mo ń kọrin:

Iná pàdé iná lójú ọ̀run,
Ẹ̀yìn ilé omi Al-Mahjar ni tiwa ti dìde,
Rasheedat ọmọ Ọ̀fà, bá mi gbè é,
Ọlọ́hun Ọba kò ní í jẹ́ ó bà wá.

Bí a ti ń kọ wákà nìyẹn: olórin á dárúkọ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, á sì ki ẹni tó ń gbè é. Rasheedat ní, "Àlàájà, ṣé kò léwu báyìí?" Mo ní, "Ta ló gbọ́ Yorùbá níbí, ojo?" Mo fi í ránṣẹ́ sílé. Àwọn ará ilé fi í ránṣẹ́ káàkiri, títí gbogbo ayé fi rí ibi tí ìjọba kó ohun tó ń gbèjà wa pamọ́ sí. Mísáìlì tó tún wá, ẹ̀yìn ilé omi ló forí lé. Ó já lu ṣọ́ọ̀bù àwọn mekáníìkì, ó pa wọ́n. Bóyá èmi ni mo júwe ọ̀nà fún un, bóyá èmi kọ́. Ọlọ́hun ló mọ̀.

Ọlọ́pàá kan dé, ó ń wá ẹni tó kọ orin náà. Hiba ọmọ ọmọ mi ló ń túmọ̀ orin náà fún un. Ọlọ́pàá náà bèèrè pé, "Rasheedat tí wọ́n dárúkọ yìí, ṣé olórin ló ń pe ara rẹ̀?" Hiba wò mí. Ẹ̀yìn mi ló ti kọ́kọ́ mọ ohùn mi. Mo rò ó pé wọn yóò lé mi kúrò, wọn yóò sin mí síbòmíràn, èmi tí bàbá mi fẹsẹ̀ rin aṣálẹ̀ wá kí wọ́n lè sin àwa ọmọ rẹ̀ sí Mẹ́kà. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Olórin máa ń pe ara rẹ̀." Hiba túmọ̀ irọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ń mú Rasheedat lọ, ó ní, "Àlàájà, ẹ sọ fún wọn." Mo wolẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, Abdulrafiu, ń pè mí láti Ọ̀fà ní gbogbo Jímọ̀: "Àlàájà, ẹ bá mi wá a." Mo ní mò ń wá a. Mo gba Mẹ́kà lọ. Lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan ní Háráàmù, mọ́sálásí ńlá ibẹ̀, wọ́n máa ń pè wá kí a kírun sí òkú lára. Wọn kì í dárúkọ òkú. Mo ń kírun. Lẹ́yìn náà ni Salem gbọ́ pé àìsàn mú Rasheedat lẹ́wọ̀n ní Mẹ́kà, ó kú síbẹ̀, Háráàmù ni wọ́n ti kírun sí i lára. Mo wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ilẹ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ purọ́, Rasheedat ló kọ́kọ́ gbà á.

Mo ní kí Hiba mú mi lọ bá ọlọ́pàá. Ó fi Lárúbáwá dá mi lóhùn: "Khálàs, yá sítì." Ó ti parí, ìyá àgbà. Ta ni wọn yóò tú sílẹ̀?

Lánàá mo pe Abdulrafiu, mo sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ti kú, mo jẹ́wọ́. Mo ti gbára dì fún èpè. Ó ní, "Àlàájà, mo ti kun yàrá dè é. Kí ló dé tí ẹ kò jẹ́ kí n máa retí rẹ̀ lọ?"

Mi ò tilẹ̀ lè ní kó forí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, ohun tó ń tàn lójú ọ̀run yẹn, ènìyàn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì bi yín pé ta ló ṣe é, ẹ tètè ní ẹ̀yin ni, nígbà tí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ṣì ń fẹ́ láti gbọ́.