Iná Ọjọ́ Ìbẹ̀wò

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, kí n tó sọ ohun tí wọ́n fi rán mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú sí Bọ́sẹ̀ alágbàfọ̀. Mo mọ̀ pé sùtánà ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì gbẹ. Mo rí Alàgbà Àjàyí níbẹ̀ yẹn, sùtánà àtijọ́ ló wọ̀ wá, ó sì ti fún mọ́ ọn níkùn. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà. Èmi Ìyá Dọ̀tun ni mo ní kó fi aṣọ yín sílẹ̀ nínú omi, kó bá mi wá sí ìsìn òwúrọ̀ yìí. Òun ló jókòó lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ̀n yẹn. Mo rí i pé ooru ń mú yín. Fáànù ò yí, iná ò sí, ẹ fi ìwé orin fẹ́ ara yín, kí ẹ sì gbọ́ mi.

Nítorí àwọn àlejò tó wà láàárín wa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Èmi tí mò ń rán aṣọ fún ìjọ yìí ni ìjọ fi sínú ìgbìmọ̀ tí káńsù yàn láti máa bójú tó ilé iṣẹ́ iná ìlú wa. Ilé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti olówó kan. Ti ìlú ni, àwa la ni ín, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí àwa náà máa lọ wò ó. Ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ mọ bí wíwò yẹn ṣe máa ń rí. Káńsù á kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé iná pé ìgbìmọ̀ ń bọ̀. Kí ìgbìmọ̀ tó gúnlẹ̀, iná á ti dé sí gbogbo àdúgbò. Bí iná bá ṣàdédé dé lọ́sàn-án nílùú yìí, ẹnì kan á pariwo pé, "Ìbẹ̀wò dé," oníkálukú á sì sáré gbé áyọ́ọ̀nù. Bí ìgbìmọ̀ bá ti yí ẹ̀yìn padà, iná á bá wọn lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni èmi kọ́kọ́ bá wọn lọ. Wọ́n kó wa sí pálọ̀ ọ̀gá, wọ́n gbé ohun mímu tútù síwájú wa, ọ̀gá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wa pé gbogbo nǹkan wà létòlétò. Mo ní, "Ẹ̀yin sà, ẹ jẹ́ ká lọ wo wáyà tó wà lẹ́yìnkùlé àwọn Bọ́sẹ̀ ní Òkè-Ọ̀pẹ. Ó ti wálẹ̀ débi pé ẹni tó bá ga díẹ̀ á fi orí kàn án." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, a ti tún gbogbo wáyà ìlú yìí ṣe." Káńsílọ̀ wa tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀, ọmọ tí èmi yìí rán aṣọ ìsàmì rẹ̀, wò mí bí ẹni pé mo da omi sí i lára. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jókòó. Ẹ mu nǹkan tútù."

Lọ́la ni káńsù máa pàdé. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo ìgbìmọ̀ dìde níwájú wọn, ká fẹnu kò pé a ti wò ó, ó sì dára. Wáyà yẹn kan náà ló pa ìyá Bọ́sẹ̀. Bọ́sẹ̀ tó jogún iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ṣì ń sá aṣọ lábẹ́ rẹ̀. Mo wo ọ̀rọ̀ náà lọ, mo wò ó bọ̀, mo bá gba ààwẹ̀.

Lánàá, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, mo tẹ́ ẹní síbi tí àwọn obìnrin ń jókòó sí nínú ilé Olúwa yìí. Mi ò ṣe àdúrà tó dùn létí. Mo sọ fún Ọlọ́run pé inú ń bí mi. Mo ní bí inú tó ń bí mi yìí bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kó fi hàn mí, kí n tọrọ àforíjì, kí n sì lọ jókòó jẹ́ẹ́. Ibi tí mo ti ń ṣàròyé ni oorun ti gbé mi lọ.

Ọkùnrin kan dúró tì mí, aṣọ rẹ̀ funfun. Ẹ mọ iṣẹ́ mi, etí aṣọ ni mo kọ́kọ́ wò. Kò sí ojú ìránṣọ kankan lára rẹ̀, bí ẹni pé wọn ò fi abẹ́rẹ́ kàn án rí. Ó ní, "Dìde." Mo ní ṣé kí n mú tọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Níbi tí à ń lọ, iná kì í lọ."

A rìn nínú òkùnkùn, lẹ́yìn náà ooru pàdé wa, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ igbe. Mo rí àwọn alágbèrè. Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní méjì méjì, àwọn tó ń fi irọ́ wá ara wọn kiri láyé wá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tú àwọn ká. Mo fẹ́ dúró wò wọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n amọ̀nà mi ní, "Wòlíì yín ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn wọ̀nyí tó. Máa bọ̀."

Lẹ́yìn wọn ni àwọn òpùrọ́ wà, àwọn tó máa ń sọ fún ará ìlú pé, "A ti wà lọ́nà," nígbà tí wọn ò tíì wọ bàtà. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, omi wà lọ́ọ̀ọ́kán. Bí wọ́n bá ti ké sí omi náà, ohùn kan á dá wọn lóhùn láti ibẹ̀ pé, "A ti wà lọ́nà, ẹ ní sùúrù." Omi ò dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn náà ò dé ọ̀dọ̀ omi.

Mo sì rí àwọn aninilára, àwọn tó gé iná ìyá arúgbó kan nítorí pé ó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé àdúgbò, wáyà tó gbóná tó ti pọ́n yí wọn lọ́rùn, wọ́n ń sáré, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde, wọ́n ń ké pe orúkọ ìyá arúgbó náà, wọ́n ń pè é ní Màmá, wọ́n ń pè é ní Ìyá wa, ìyá náà ò sì sí níbẹ̀ láti dá wọn lóhùn. Mo di aṣọ amọ̀nà mi mú. Ó ní, "Wọn kì í ṣe àwọn tí mo mú ọ wá wò."

Ni a bá dé ibì kan tó tutù. Ó yà mí lẹ́nu gidi. Pálọ̀ ni, kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, àga tìmùtìmù yí i ká, kọ́tìnnì bo ojú fèrèsé, ohun mímu sì wà lórí tábìlì. Mo bèèrè pé ṣé ọ̀run rere la dé yìí. Mo wá wo ojú àwọn tó jókòó, mo sì mọ ọ̀kan nínú wọn. Olóyè tó ti ṣe alága ìgbìmọ̀ iná rí ni, tí èmi fúnra mi rán aṣọ ìsìnkú rẹ̀. Ohùn kan ń ti inú ògiri sọ pé, "Gbogbo nǹkan wà létòlétò," wọ́n á sì pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n bá ti pàtẹ́wọ́, ògiri á sún mọ́ wọn. Wọ́n á gbé ohun mímu sẹ́nu, á jó wọn láti ahọ́n dé ìfun. Ohùn náà á tún sọ̀rọ̀, ọwọ́ wọn á tún pàdé. Wọn ò fẹ́ kó pàdé, mo rí i lójú wọn. Igbe tí mo ti ń gbọ́ láti ìgbà tí a ti wọlé, ẹ̀yìn ògiri yẹn ló ti ń wá. Ilẹ̀kùn kan sì wà lára rẹ̀.

Mo ní, "Kí ló dé tí wọn ò ṣílẹ̀kùn?"

Amọ̀nà mi ní, "Wọn ò tì í. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ ọ́ rí láyé pé, 'Ẹ ṣí i, ká wò.' Ẹnu wọn ò lè sọ ọ́ mọ́."

Olóyè gbójú sókè, ó rí mi. Ó ní, "Ìyá Dọ̀tun, ẹ jókòó. Ẹ mu nǹkan tútù." Bó ṣe sọ ọ́ báyìí, àga kan fúnra rẹ̀ sún mọ́ mi lẹ́yìn, orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, mi ò ní kó tẹ̀, ó ń tẹ̀, mo wá amọ̀nà mi, mi ò rí i, àtẹ́lẹwọ́ mi ti ń sún mọ́ ara wọn, mo fà wọ́n sẹ́yìn, wọ́n ń sún, ohùn inú ògiri ti ń bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ pe Jésù, ahọ́n mi wúwo, mo bá fi gbogbo agbára tó kù lára mi sọ ọ́: "Mi ò jókòó." Orúnkún mi dúró. Mo tún sọ pé, "Mi ò jókòó, mi ò mu, mi ò pàtẹ́wọ́. Ẹ ṣílẹ̀kùn yìí kí n wò."

Ilẹ̀kùn ṣí. Mo rò pé ọ̀gbun iná ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé àwọn Bọ́sẹ̀ ni. Ẹ̀yìnkùlé yẹn gan-an, pẹ̀lú àwọn báfù ìfọṣọ àti igi ìbẹ́pẹ, wáyà náà sì rọ̀ sílẹ̀ láàárín méjèèjì. Ẹ̀yin ará, àwọn tí mo gbọ́ igbe wọn kì í ṣe òkú. Àwa ni. Ìlú wa ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́yìn ògiri.

Láti ibẹ̀ ni amọ̀nà mi ti mú mi gòkè. Ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì pariwo pé iná dé, nítorí kò lọ rí. Kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀. Àwọn olóòótọ́ jókòó lẹ́bàá omi, ẹsẹ̀ wọn wà nínú rẹ̀, ara tù wọ́n. Láàárín wọn ni mo rí ìyá Bọ́sẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tí ọṣẹ ti jẹ láyé ti dán bí ọwọ́ ìkókó. Inú mi dùn, omijé bọ́ lójú mi. Mo ní kí n dì mọ́ ọn, ó ní, "Ìyá Dọ̀tun, ẹ káàbọ̀. Ṣé wọ́n ti gbé wáyà yẹn sókè?"

Mo wo amọ̀nà mi. Mo ní, "Rárá o. Wọn ò tíì gbé e."

Kò sunkún, ẹkún ò sí níbẹ̀. Ó kàn yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú omi, ó sì dìde dúró. Ó ní òun ò ní jókòó mọ́ títí wọ́n á fi gbé e. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yọ ẹsẹ̀ tiwọn náà, wọ́n dìde, àwọn tó wà lẹ́yìn wọn dìde, títí tí mi ò fi rí ẹni tó jókòó mọ́ létí omi yẹn. Ó wá ní, "Ẹ sọ fún Bọ́sẹ̀ pé wáyà yẹn ò kú. Èmi náà sọ pé ó ti kú."

Ẹ̀yin náà rántí. Nígbà náà, ó ti pẹ́ tí wáyà yẹn ti wà láìsí iná débi pé àwọn ará àdúgbò ń sá táwẹ̀lì lé e. Ọjọ́ ìbẹ̀wò ni ìyá Bọ́sẹ̀ kú. Wọ́n ń pariwo, "Ìbẹ̀wò dé," nílé kejì, òun ń na aṣọ tútù sókè lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ wà ní pálọ̀, wọ́n ń mu nǹkan tútù. Iná tí wọ́n tàn láti fi kí ìgbìmọ̀ káàbọ̀ ló pa á.

Amọ̀nà mi ní, "Padà." Mo ní, "Inú tó ń bí mi yìí ńkọ́? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?" Ó ní, "Mú un dání lọ."

Mo jí, oòrùn ṣì wà lókè. Mi ò dúró ṣínu. Mo lọ tààrà sí Òkè-Ọ̀pẹ, mo bá Bọ́sẹ̀ nídìí sùtánà yín, mo sì rò ó fún un. Ó ní, "Mọ́mì, ibẹ̀ nìkan ni oòrùn ti ń ràn nílé wa. Iná ò sí, wáyà yẹn ti kú." Mo ní, "Ìyá rẹ ní kò kú." Ó gbàgbé ọwọ́ sínú omi, lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́ rẹ̀. Èmi àti baba onílé wọn fi okùn dí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé náà. Baba gbé àga síbẹ̀, ó ní ewúrẹ́ pàápàá ò ní kọjá.

Ìkìlọ̀ tí wọ́n fi rán mi kò gùn. Ẹni tí ìlú ní kó lọ bá àwọn wò, tó wá jókòó sí pálọ̀, tó ń pàtẹ́wọ́ fún ohun tí kò rí, àga rẹ̀ ti wà nílẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sì rọ̀. Èmi ò ní bá wọn dìde lọ́la. Ìdí nìyẹn tí mo fi kéde níbẹ̀rẹ̀ ìsìn pé bí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ ìparí ìsìn tán, gbogbo wa la máa lọ wo wáyà yẹn. Káńsílọ̀, ọmọ mi, ìwọ tí o jókòó níwájú mi yìí, mo rí ọ nígbà tí o jáde pẹ̀lú fóònù létí. Mi ò bi ọ́ ní ẹni tí o pè. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé

Ẹ dúró. Ẹ wo fáànù yẹn.

Ó ti ń yí.

Ẹ má pariwo, ẹ má pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní iná ò sí. Èmi aránṣọ sọ pé mò ń bọ̀, iná sì wà. Ní báyìí tí fáànù wa ń yí, iná ti wà nínú wáyà Òkè-Ọ̀pẹ. Bọ́sẹ̀, dìde dúró, jẹ́ kí wọ́n rí ọ. Káńsílọ̀, yíjú padà, wò ó dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ bí irú èyí, níbo lo rò pé ó yẹ kí ọmọ yìí wà, aṣọ ta sì ni ì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Wọ́n ti ń tún pálọ̀ ṣe dè wá, ó dá mi lójú. A ò lọ sí pálọ̀. Ẹ wọ bàtà yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ di ọwọ́ àwọn ọmọ yín mú, ẹ jẹ́ ká lọ dúró lẹ́yìn okùn baba onílé títí wọ́n á fi pa iná yẹn, tí wọ́n á gbé àkàbà dé, tí wọ́n á sì gbé wáyà náà sókè lójú wa. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn yín, ẹ fara dà á. Ìyá Bọ́sẹ̀ ṣì wà lórí ìdúró.