Agogo Tí Mo Pa Lẹ́nu Mọ́ Ní Èbúté Jẹ́dà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja láti ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi ti kú. Ǹ bá gbé e wọ sàréè, ṣùgbọ́n etí ọmọ kan ti ń di báyìí, èmi ni mo sì fà á.

Hájì ni mo bá wá sí Mẹ́kà, n kò sì padà sílé mọ́. N kò ní ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú. Iṣẹ́ alárù ni mò ń ṣe ní èbúté Jẹ́dà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi, Àlàájì Sàká ará Ìlọrin. Ẹlẹ́fẹ̀ ni Sàká. Bí ó bá ti rí ọ, ó ti rí ohun tí yóò fi ọ́ rẹ́rìn-ín.

Ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan wá gbé ọkọ̀ oníbátìrì kan dé láti òkè òkun. Iná mànàmáná ló fi ń rìn, kì í mu epo, kì í rú èéfín. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dán an wò nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́, bóyá yóò lè kó ẹrù láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi dé ilé ìkẹ́rùsí kí agbára bátìrì tó tán, bóyá oòrùn Jẹ́dà kò ní fa omi inú bátìrì náà gbẹ. Ọkọ̀ náà kì í dún. Àní kì í dún rárá. O lè ṣíjú báyìí kí o rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, pẹ̀lú àpótí gògòrò lórí rẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ ló hù ú. Àwa alárù sọ ọ́ ní Ayọ́rìn. Àwọn mìíràn máa ń ka Áyátúlì Kúrúsíyù fún ààbò bí ó bá ń kọjá.

Nítorí pé kì í dún, wọ́n ní kí n máa jókòó síwájú lórí ẹrù, kí n máa lu agogo. Sálímù ará Yàmánì ló ń wà á láti ẹ̀yìn. Ẹrù bo ojú rẹ̀, ojú tèmi ló fi ń ríran.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó bí ó ṣe rí lára mi. Odidi Mùsùlùmí tó wá sí ilẹ̀ mímọ́, tó wá ń lu agogo bí ẹni ń pe èèyàn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì! Sàká ló kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Á gbé ẹrù kalẹ̀, á kí mi: "Bàbá ìjọ, ṣé kí á máa mú ọrẹ bọ̀? Wàláhì, mọ̀láíkà kankan kò ní bá ọ gun nǹkan yìí o." Gbogbo alárù a sì bú sẹ́rìn-ín. Ojú máa ń tì mí gan-an.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo rí Sàká níwájú wa. Àpò ìrẹsì wà lórí rẹ̀. Alárù tó ru ẹrù kì í bojú wẹ̀yìn, etí ló fi ń mọ ohun tó ń bọ̀. Mo ní bí mo bá lu agogo, yóò tún bẹ̀rẹ̀ ni. Mo fi ọwọ́ di ahọ́n agogo mú. Mo ní bí a bá sún mọ́ ọn, yóò yà fún wa bí ó ti máa ń yà fún gbogbo ọkọ̀. Mo gbàgbé, ẹ jọ̀ọ́. Ọkọ̀ náà ti mọ́ mi lára débi pé mo gbàgbé pé kì í dún.

Kí n tó pariwo "Tàríìkì!" pé kó yà lọ́nà, a ti gbá a. Àpò ìrẹsì já lé e lọ́rùn.

Ayọ́rìn dúró lé e lórí, kò mí. Sàká lajú, ó ń wò mí, kò jọ pé ó rí ọkọ̀ náà rárá. Ó ní, "Ta ló wà lẹ́yìn mi? N kò gbọ́ nǹkan kan." Ó ń tún un sọ títí ohùn rẹ̀ fi lọ. Kò rí ọjọ́ kejì.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá bi mí, ẹ̀rù ìkámà tí n kò ní bà mí. Mo fi Ọlọ́run búra, ní ilẹ̀ tí Káábà wà, pé mo lu agogo, pé mo lù ú títí. Sálímù ní òun kò gbọ́ agogo kankan. Ó wò mí, ó ń dúró kí n sọ òótọ́. Mo gbójú kúrò. Wọ́n tì í mọ́lé, lẹ́yìn náà wọ́n lé e padà sí ìlú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà di ọkọ̀ wọn, wọ́n gbé e lọ, wọ́n ní àwọn ti dán an wò tó.

Ṣùgbọ́n irọ́ mi kò bá wọn lọ. Bí agogo bá dún tí Sàká kò gbọ́, kí ló di í létí? Àwọn èèyàn wa ní àlùjànnú ni. Àlàájà Sàlámátù, ìyàwó rẹ̀, gbà bẹ́ẹ̀. Àdúgbò Kàkíyà ní Mẹ́kà ni èmi àti òun ń gbé báyìí. Wọ́n sọ fún un pé àlùjànnú tó di etí bàbá ń bọ̀ wá di ti ọmọ. Màríyà ni ọmọ náà ń jẹ́. Ibí ni wọ́n bí i sí. Bí o bá fi Yorùbá pè é, Lárúbáwá ni yóò fi dá ọ lóhùn. Bí ó bá ń ṣeré tí kò tètè jẹ́ ìpè, ìyá rẹ̀ a bú sẹ́kún, a tan tùràrí, a ti ilẹ̀kùn. Gbogbo Jímọ̀ ló ń kán òróró gbígbóná tí wọ́n po oògùn mọ́ sí i létí méjèèjì.

Èmi ni ó máa ń ránṣẹ́ pè láti wá bá a di ọmọ náà mú. Ó ní èmi nìkan ni òun fọkàn tán, torí èmi ni mo wà lọ́dọ̀ ọkọ òun níkẹyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gégùn-ún fún mi. Mo máa ń dì í mú.

Lánàá, mo bá Màríyà lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo pè é. Mo tún pè é. Mo sún mọ́ ọn débi pé èémí mi ń kan ìborùn rẹ̀, kò yíjú. Ìgbà tí òjìji mi bọ́ síwájú rẹ̀ ló tó figbe ta. Ọyún etí rẹ̀ ti gbẹ mọ́ ìborùn náà lára.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá jẹ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ Sàká àti ẹ̀wọ̀n Sálímù yóò wá sórí mi, mo sì tún ti búra èké. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò purọ́. Ǹjẹ́ ọ̀nà kan wà tí mo lè fi sọ fún obìnrin yìí pé kò sí àlùjànnú kankan, láìsọ bí mo ṣe mọ̀?

Àlàájì kan tó ń padà sílé ni mo fi ìwé yìí rán. Mo mọ̀ pé yóò pẹ́ kí èsì yín tó la òkun kọjá. Ọ̀la ni Jímọ̀. Àlàájà ti ránṣẹ́ pè mí.