Ẹnu Tí Màmá Fi Ń Jẹ Ìrẹsì

Obìnrin méjì tó wọ aṣọ iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ló jókòó síwájú mi nínú bọ́ọ̀sì National Harbor l'Amẹ́ríkà. Èyí tó kéré nínú wọn ń múra àtilọ ṣe Kérésì n'Íbàdàn.

"Àǹtí, dókítà ní ṣúgà mi ti ga. Nínú ooru Ìbàdàn yẹn, ẹ̀fọ́ àti kùkúmbà ni màá fi ṣe Kérésì."

"Ṣé o ti sọ fún màmá ẹ?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ṣúgà ti gba ìrẹsì lẹ́nu àwọn náà. Tí mo bá ti dé, wọ́n á sè é, wọ́n á jókòó tì mí: 'Jẹ ẹ́ dáadáa, ẹnu ẹ ni mo fi ń jẹ ẹ́.'"

Nígbà tí bọ́ọ̀sì fẹ́ dúró, Àǹtí gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ṣíbí méjì péré ni kó o bù. Ṣùgbọ́n rọra jẹ ẹ́, kó lè pẹ́ lẹ́nu ẹ̀yin méjèèjì."