Ilẹ̀kùn Títì ní Makepe

Nígbà tí ọ̀rọ̀ Bakassi ṣì gbóná láàrin Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, mo jókòó ní sáíbà káfè kan ní Makepe, ní Douala, níbi tí obìnrin Yorùbá kan àti ọkùnrin tó dàgbà jù ú lọ ti ń wo owó iná obìnrin náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un wò. Gílóòbù mẹ́ta àti fáànù kan péré! Ṣé àwọn olówó Bonapriso ni mò ń tan iná fún ni?"

"Wọ́n kọ ọ́ síbí: *porte fermée*. Ilẹ̀kùn títì. Oṣù mẹ́rin ni ẹni tó ń ka mítà fi wá, kò rọ́nà wọlé. Wọ́n kàn ń fojú díwọ̀n iná rẹ ni."

"Ọkùnrin tó wọ yunifọ́ọ̀mù, tó mú ìwé lọ́wọ́?"

"Òun gan-an."

"Yéè! Mo ṣe bí ọlọ́pàá tó ń wá àwa ọmọ Nàìjíríà tí kò ní *séjour*, ìwé ìgbélùú, ni. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń sá sí!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ilẹ̀kùn títì lo ń sanwó fún. Tó bá tún dé, ṣílẹ̀kùn fún un."

"Tó bá wá jẹ́ ọlọ́pàá ńkọ́?"

Mo rí i tí ẹ̀gbọ́n dẹ́kun ẹ̀rín, tó yíjú wo ilẹ̀kùn sáíbà.